Ojú Irin Kékeré Sàríà sí Jọ́ọ̀sì: Ohun Tó Kó Lọ àti Ohun Tó Fi Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ ìtàn, kí n má sì jẹ́ kí ọbẹ̀ ó tutù. Àwa tí a kàwé ní Ọ̀fà mọ fèrè rélùwéè dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú irin ńlá tó gba ìlú wa kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ni, tó jìnnà sí wa, tó sì ti kú láti ọdún 1957. Ojú irin kékeré tó gbéra láti Sàríà lọ sí Jọ́ọ̀sì àti Bùkúrù ni, èyí tí ìjọba ń pè ní Bauchi Light Railway.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá o. Kí olúkúlùkù ó rántí ibi tí owó ilé-ìwé rẹ̀ ti wá. Mélòó nínú wa ni bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, tó ń ta irin wẹ́wẹ́, tàbí tó ń ránṣọ ní Jọ́ọ̀sì? Ọmọ Ọ̀fà ni o, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, agboolé tí kò ní ẹnìkan lókè Jọ́ọ̀sì nígbà náà kò pọ̀. Nítorí náà, ìtàn ojú irin yìí wà nínú ìtàn ilé-ìwé wa, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí ara ògiri.

Kùsà ló bí i

Kí òyìnbó tó dé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn agbègbè yẹn ti ń yọ́ kùsà. Òun ni irin funfun tí wọ́n fi ń bo agolo kí ó má baà dípẹtà. Hausa ń pè é ní kuza, ẹ ò sì rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí "awakùsà" tí àwa náà ń sọ. Àwọn oníṣòwò Hausa a máa rà á, wọn a sì máa tà á kiri. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó Niger Company ti fojú kan án. Ní 1902, wọ́n rán ènìyàn lọ wá ibi tó ti ń jáde.

Ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ ìṣàkóso lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900, wọ́n ṣe àdéhùn pé ìdajì owó orí ohun àmúṣọrọ̀ tí wọ́n bá wà nínú ilẹ̀, ní apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Àríwá, yóò máa jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún 99. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún! Àwọn Bẹ̀rọ́ọ̀mù, àwọn Anaguta àti àwọn Afizere tó ni oko kò sí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Kùsà wúwo. Orí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rù ú láti orí òkè lọ sí Lókò létí odò Bẹ́núé, kí ọkọ̀ omi tó gbé e. Ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni fún alárù. Nígbà tí ìjọba wá la ojú irin láti Bárò lọ sí Kánò láàárín 1907 sí 1911, àwọn awakùsà rí i pé bí ẹ̀ka kan bá yà láti Sàríà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1911. Ó dé Ràhámà ní 1912. Ó dé Jọ́ọ̀sì àti Bùkúrù ní 1914. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì 140.

Ìdí tó fi kéré

Wọn kò fẹ́ náwó púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ kó yá. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lórí ojú irin ńlá tiwa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6. Ti Sàríà sí Jọ́ọ̀sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 6 péré. Ìbú kan náà ni ti ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn láàárín ìlú Èkó láti 1902 sí 1933. Ojú irin tóóró a máa rọrùn láti yí mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè. Òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, nítorí Sàríà fi díẹ̀ lé ní 600 mítà sí ìpele òkun, Jọ́ọ̀sì sì lé ní 1,200. Ẹ fojú inú wo ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mí hẹlẹhẹlẹ gun irú òkè bẹ́ẹ̀, tòun ti ẹrù!

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó mú a máa gé ọwọ́ olówó rẹ̀. Nítorí pé ìbú ojú irin méjèèjì kò dọ́gba, ọkọ̀ ọ̀kan kò lè gun orí èkejì. Gbogbo ẹrù tó bá ti Jọ́ọ̀sì wá, Sàríà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀, kí wọ́n tún un kó sínú ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ìyẹn náà á sọ̀ ní Sàríà. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn jẹ lérè nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ń san án padà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún àwọn alárù Sàríà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló padà pa á.

Àwọn téṣàn rẹ̀

Bí ènìyàn bá gbéra ní Sàríà, yóò kọjá ní Sóbà, Dutsen Wai, Kudaru, Ràhámà àti Jengre, kó tó gun òkè dé Jọ́ọ̀sì, kó tó wá parí sí Bùkúrù. Ẹ́ńjìnnì oníná ayé ọjọ́un kì í lè rìn jìnnà kí ó má mu omi, nítorí náà kò sí bí téṣàn kéékèèké kò ṣe ní wà lójú ọ̀nà, kódà níbi tí ilé kò pọ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti dúró mu omi, ẹni tó ń ta èkuru àti ẹni tó ń ta iṣu sísun kò ní pẹ́ dé.

Ràhámà ni kí ẹ wò. Láti 1912 sí 1914, ibẹ̀ ni ojú irin parí sí. Ẹni tó bá ń lọ sí Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni yóò sọ̀ sí, kó tó fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun ẹṣin lọ. Kùsà tó ń ti orí òkè bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá. Nígbà tí irin sì tẹ̀ síwájú ní 1914, Ràhámà di ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Naraguta náà ńkọ́? Òun ni ibùdó àwọn awakùsà àti ti ìjọba nígbà tí Jọ́ọ̀sì kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ ojú irin fi Jọ́ọ̀sì ṣe ibùdó, Jọ́ọ̀sì bá di ìlú ńlá, Naraguta sì di ẹ̀yìn ìlú. Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni ọjà ń tò sí.

Bí àwọn bàbá wa ṣe dé ibẹ̀

Ojú irin Èkó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Afárá Jẹ́bà parí ní 1916. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà lè jókòó sínú rẹ̀ kọjá Odò Ọya, kọjá Mínnà àti Kàdúná, títí dé Sàríà. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀, tí yóò ru ẹrù rẹ̀, tí yóò wọ ọkọ̀ kékeré. Àwọn alájàpá wa kì í gbé ẹrù kékeré, ẹ mọ̀ wọ́n: aṣọ òkè, obì, ìkòkò, ọmọ lẹ́yìn.

Kò sí òyìnbó kankan tó la ojú irin yẹn nítorí wọn. Kùsà ni wọ́n là á fún. Ṣùgbọ́n ibi tí awakùsà bá pọ̀ sí, wọn a jẹun, wọn a wọṣọ, wọn a ra fìtílà. Ìdí òwò àwọn èèyàn wa nìyẹn. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí àwa lè ka A, B, D.

Ọdún 1927 àti ọdún 1957

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 1957 ni ojú irin yìí kú. Mo ní rárá. Ní 1927 ni ikú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni ojú irin ńlá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì. Bí kùsà bá ti wọ ọkọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ó di Pọ́tákọ̀ létí òkun, kò sí pé à ń já a sílẹ̀ ní Sàríà mọ́. Kí wá ni kí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré ṣe? Ó kàn ń rìn nìṣó ni, ó ń gbé ará oko àti ẹrù oko fún ọgbọ̀n ọdún.

Nínú ọgbọ̀n ọdún yẹn ni ogun dé. Nígbà tí Japan gba ilẹ̀ Màláyà ní 1942, kùsà ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú gbogbo wọn bá yí sí Jọ́ọ̀sì. Láàárín 1942 sí 1944, ìjọba fi ipá kó àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 100,000 láti àwọn ẹkùn Àríwá lọ wa kùsà. Ọ̀pọ̀ kò padà sílé. Bí a bá ń yin ojú irin àti kùsà, ẹ jẹ́ kí a rántí èyí náà.

Ní 1957, ìjọba ti ẹ̀ka náà pa. Mọ́tò ti gba ojú ọ̀nà, owó tó ń wọlé kò sì tó èyí tó ń jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé Mùsíọ́mù Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣí ní 1952. Kùsà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ títí: ní oṣù kẹwàá 1985, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbé iye owó rẹ̀ ró lágbàáyé wó lulẹ̀, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ bíi òkúta. Ohun tó ṣẹ́kù lórí òkè ni àwọn kòtò tí omi kún, níbi tí oko àwọn Bẹ̀rọ́ọ̀mù wà tẹ́lẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ ohun kan péré kí n tó jókòó. Àkọsílẹ̀ nípa kùsà pọ̀. Iye tọ́ọ̀nù, iye owó, orúkọ ilé-iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, nítorí nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe la ojú irin. Àwọn ènìyàn tó wọ ọkọ̀ náà kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ta ló kọ orúkọ ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n sọ̀ ní Sàríà lóru? Ta ló kọ orúkọ alárù tó ń já ẹrù níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ohun tó pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ ojú irin yẹn ni àwọn ènìyàn tó gbé. Kùsà ti tán lọ, irin ti kúrò nílẹ̀, àwa ọmọ wọn la jókòó síbí yìí.

Ẹni tó wọ ọkọ̀ yẹn ní ọmọ ogún ọdún ní 1957, ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí. Wọn kò pọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù tó ní àgbà kan nílé, tó ti gbé Jọ́ọ̀sì tàbí Sàríà rí, jókòó tì í. Ẹ bi í ní ọdún tó lọ, téṣàn tó sọ̀ sí, ẹni tó gbà á sílé, ohun tó kọ́kọ́ tà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un wá sí àpéjọ tó ń bọ̀. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yóò tẹ̀ ẹ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká máa bèèrè ìdí ọ̀rọ̀.