Ìwé Ìhágún Yín, Níbo Ló Wà?

Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ nà wá tí ẹ tún fà wá mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, títí kan ẹ̀yin tí ẹ wọ bọ́ọ̀sì wá láti Abidjan, mo kí yín, ẹ kú àbọ̀ sí Èjìgbò. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìhágún. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ikú á jìnnà sí mi o." Àmín. Ẹni tó ṣe wíìlì kò pe ikú.

N kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọ ọ́. Ibi tí ẹ fi sí ni mo ń bá yín sọ. Tẹlòmíràn wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tẹlòmíràn wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan ní Treichville tí àwọn ọmọ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Lord St Leonards ti ṣe Lord Chancellor, ipò tó ga jù fún adájọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún kọ ìwé láti la àwọn èèyàn lóye nípa òfin ohun-ìní. Nígbà tó kú ní 1875, wọ́n ṣí àpótí tó ń kó wíìlì rẹ̀ sí, wọn kò bá a níbẹ̀. Charlotte, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún kóòtù láti orí wá. Ní 1876, kóòtù gbà á gbọ́. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tiyín: èwo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn yòókù á sì gbà fún un? Òfin tí a jogún lọ́wọ́ wọn ni pé, bí wíìlì bá wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, tí a wá a tì lẹ́yìn ikú rẹ̀, a ó kà á sí pé òun fúnra rẹ̀ ló ya á, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àṣà ló máa ń pín ogún nígbà náà. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, kò ṣe wíìlì. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣé ìdí-igi ni, ọ̀nà mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí. Ní 1958, Federal Supreme Court ní ìdí-igi. Wọ́n gbé e dé Privy Council ní London, ó di 1962 kí ọ̀rọ̀ tó parí sí ìdí-igi. Ọdún 22! N kò sọ pé ìdí-igi kò dára o. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ nìyẹn ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ gbé wíìlì yín lọ sí Probate Registry ní High Court, Òṣogbo. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ yàn láti mú un ṣẹ pé ibẹ̀ ló wà. Kò di dandan kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kọ orúkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yan ọmọ kíláàsì yín nìkan. Ẹ wo orí wa yìí, gbogbo rẹ̀ ti funfun tán.

Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ fún ní nǹkan kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ̀bùn náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbéyàwó ní kóòtù lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́, ẹ tún un kọ, nítorí ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Ilé ẹbí kì í ṣe tiyín láti fi ṣe wíìlì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀sìn ò jẹ́ kí ohun tí ẹ máa fún ẹni tí kì í ṣe ajogún ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ bi àwọn àlùfáà yín.

Ilé Abidjan ló le jù. Òfin ibẹ̀ kì í ṣe tiwa, ìwé Òṣogbo nìkan kò tó fún un. Ẹ lọ bá notaire níbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé tó wà nílé. Ẹ kọ ibi tí sọ́fè àti rìsíìtì ilẹ̀ wà sínú rẹ̀, àti báńkì tí ẹ ń lò, pẹ̀lú orúkọ àwọn ayálégbé.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ Ajé, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé wa kí bọ́ọ̀sì Abidjan tó gbéra.