Ará Ẹ̀yìn a Máa Kọ́gbọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí ohun tuntun kan bá dé ìgboro, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, tọmọdé tàgbà a máa rọ́ tọ̀ ọ́ lọ bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọjà rẹ̀ yóò ná. Ẹni tí kò bá bá wọn sáré, ará oko ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ẹni tí ó pẹ́ dé ni ó pàdánù? Ìtàn tẹlifóònù alágbèéká fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta tẹlifóònù tí ènìyàn lè mú lọ́wọ́ rìn ní Amẹ́ríkà. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 dọ́là. Ó tóbi bí bíríkì. Ó ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá kí iná bátìrì rẹ̀ tó kún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni iná náà lè gbé. Ní Yúróòpù, púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè ni ó ní ìlànà tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé tẹlifóònù ibì kan kì í sábà ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn. Ìṣòro yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe ètò GSM, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Finland ní ọdún 1991.

Ní Nàìjíríà, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní ọdún 1999 kò pé 500,000, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú ju mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ́ sínú ètò tí àwọn ẹlòmíràn ti fi owó àti làálàá tún ṣe.

Síbẹ̀, àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á níhìn-ín náà jìyà díẹ̀. Káàdì síìmù nìkan ju 10,000 náírà lọ, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 7,500 náírà. Àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré yóò san owó odindi ìṣẹ́jú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Globacom dé, lẹ́yìn ọdún méjì gbáko. Ó ti rí ohun tí ń dun àwọn oníbàárà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ kò lè ṣe kí wọ́n má tẹ̀ lé e. Ará ẹ̀yìn ni ó tún ọ̀nà ṣe fún ará iwájú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Oníṣòwò tàbí dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dúró ní ọdún 2001 kì í ṣe aláìgbọ́n; owó irú wọn ni a fi la ọ̀nà tí àwọn yòókù ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn fi ní láti wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn kí ó tó lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnu lásán kò sì ní àǹfààní kan nínú. Ẹni tí kò gbin àgbàdo nígbà òjò kò lè sọ pé òun ń kọ́gbọ́n.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ fi owó ilé-ìwé ra ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lòde kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: iṣẹ́ wo ni yóò bá mi ṣe lónìí? Kí ni àwọn tí ó ti lò ó ń sọ? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó dúró. Kí olùkọ́ rẹ̀ náà má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.