Kọ̀ǹpútà Wà, Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Lò Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò gùn. Ó dá lórí àwọn òṣìṣẹ́ wa ní káńsù àti kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì wọn.

Tá a bá ní ká ran ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ká ra kọ̀ǹpútà. Ó dáa. Àmọ́ ta ló máa lò ó? Ọ́fíìsì wà tí wọ́n ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń gbé ìwé lọ síta kí wọ́n lè bá wọn tẹ̀ ẹ́ lówó. Owó ń lọ, àṣírí aráàlú náà ń bá a lọ: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà akáǹtì, gbogbo ẹ̀ á wà lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú nǹkan báyìí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nọ́ńbà akáǹtì báǹkì wa máa ń pé mẹ́wàá, òmíì sì máa ń fi òdo bẹ̀rẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá tẹ 0012345678 sínú Excel bẹ́ẹ̀ lásán, Excel á kà á sí iye, á yọ òdo méjèèjì iwájú kúrò. Mẹ́jọ ló kù yẹn, báǹkì ò sì ní mọ̀ ọ́n. Tó bá wá jẹ́ pé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni nọ́ńbà yẹn ńkọ́? Bàbá á máa lọ, á máa bọ̀, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jalè. Àtúnṣe rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú kan: kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ yan ibi tí nọ́ńbà máa wà, ẹ yí i sí Text. Ó tán.

Ìṣirò ńkọ́? Ẹni tó ń fi kakulétọ̀ ro owó ogójì èèyàn lè kọ =SUM(C2:C41), kí Excel ró o fún un. Tí owó ẹnì kan bá yí, àpapọ̀ á yí fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ká tó ra kọ̀ǹpútà míì, ẹ jẹ́ ká náwó sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wákàtí méjì ní gbogbo Sátidé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èèyàn díẹ̀ díẹ̀. Kí kálukú fi irú iṣẹ́ tó ń ṣe ní ọ́fíìsì kọ́ ọ, kó má mú orúkọ aráàlú kankan wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni o. Ẹni tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ àgbà tẹ́ ẹ bá fi ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan ò ní béèrè mọ́.

Ìlú wa á máa gòkè.