Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Olùdásílẹ̀ Dìde Lórí Àga?

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò ọdún kẹwàá)

 

Ìtàn àwọn tí ń fi ìfẹ́ inú kọ sọ́fítíwíà kọ̀ǹpútà la mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba kọ́bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í ti í gba owó oṣù níbí. Ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Bí ìfẹ́ bá tán, kálukú á gbé àpò rẹ̀.

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló dá Python sílẹ̀. Ó gbé e jáde ní 1991. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi ṣeré pè é ní apàṣẹ onínúure títí ayé. Ní 2018, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí àtúnṣe kan tí ó fọwọ́ sí. Òun ló borí. Síbẹ̀, lóṣù Keje, ó ní ó ti rẹ òun, ó sì dìde. Kò yan àrólé. Ó ní kí wọ́n fúnra wọn wá bí wọn yóò ṣe máa ṣe ìpinnu. Wọ́n dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ní 2019, Guido fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Python ń lọ geere títí dòní.

Ti Richard Stallman kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré. Ní 2019, ọ̀rọ̀ tí ó kọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, ó sì fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Ní 2021, ó padà sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọwọ́ sí ìwé pé kí ó lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn fọwọ́ sí i pé kí ó dúró. Ilé iṣẹ́ Red Hat dá owó ìrànwọ́ tí ó ń fún àjọ náà dúró.

A kò sọ pé kí olùdásílẹ̀ máa sá fún gbogbo ariwo. Ariwo kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé bá ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan ju iṣẹ́ lọ, àsìkò ti tó.

Lẹ́nu iṣẹ́ báńkì tí a ń ṣe, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ ní 2010 pé ọ̀gá àgbà báńkì kò gbọdọ̀ lò ju ọdún 10 lọ. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ̀bi. Kí báńkì má bàa di ti ẹnì kan ni.

Alága wa, ẹ má bínú sí wa. Pálọ̀ yín la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ra àga tí a kọ́kọ́ jókòó lé. Ṣùgbọ́n ìpàdé méjì ló tú ká lọ́dún tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ yín, òfin ẹgbẹ́ wa kò sì sọ iye ọdún tí alága yóò lò. Àbá wa ni pé kí a kọ ọ́ sínú òfin lọ́dún yìí, kí a sì ya àga ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ fún olùdásílẹ̀, níbi tí a ó ti máa gba ìmọ̀ràn lẹ́nu yín.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ojú yín ni kí ọmọ náà ṣe dàgbà. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o. Ọdún á yabo.