Sàlẹ́ńsà Tó Já Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ariwo Nìkan
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ọ̀tà)



Gbogbo àwa tí à ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láti Sango gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò la mọ ohun tí kòtò máa ń fojú ọkọ̀ rí. Kòtò kan ló gbá sàlẹ́ńsà bọ́ọ̀sì wa tó fi já lábẹ́. A kọ́kọ́ fi ariwo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, àwa tí à ń jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ wa, òòyì ń kọ́ wa. Àwọn kan ti ń lo oògùn ibà. Ṣùgbọ́n irú ibà wo ló ń múni nínú ọkọ̀, tó sì ń lọ bí a bá sọ̀kalẹ̀?

Èéfín ni. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí a bá fà á símú, á gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ oorun ni gbogbo wa ń sùn bí a bá ti iṣẹ́ òru dé.

Wọ́n ní kí awakọ̀ fi owó ara rẹ̀ jó o. A kọ̀. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni, owó ilé iṣẹ́ ni yóò tún un ṣe. A pa ohùn pọ̀, wọ́n sì sanwó.

Ohun tí a rí kọ́ lọ́dọ̀ jórinjórin nìyí. Kí wọ́n tú sàlẹ́ńsà sílẹ̀ kí wọ́n tó jó o, nítorí iná àti táńkì epo kì í ṣọ̀rẹ́. Bí kò bá ṣeé tú, kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sínú ọkọ̀. Kí wọ́n gé ibi tó ti dípẹtà kúrò, kí wọ́n fi páìpù tuntun rọ́pò rẹ̀. Irin tó ti jẹrà kò gba jíjó, ṣe ni yóò tún lu. Kí wọ́n má lo páìpù omi tí a fi sínkì bò, torí èéfín rẹ̀ máa ń fún jórinjórin ní ibà òun òtútù. Kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó gbé sàlẹ́ńsà rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa mì títí yóò fi tún já. Bí wọ́n bá ṣe tán, kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ìdì aṣọ dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, kí wọ́n tẹ́tí sí ojú ibi tí wọ́n jó. Bó bá ń sín, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ̀yin ará, ewu iṣẹ́ kò mọ sí ẹnu géètì. Òfin ọdún 2010 tó dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa ka jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàrin ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n owó kì í jí òkú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo lábẹ́ ọkọ̀ lónìí, kó fi tó aṣojú ẹgbẹ́ létí lónìí, kó sì ṣí fèrèsé kó tó jókòó.

Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.