Ọgbọ̀n Wákàtí Ní Etíkun Omaha

   A mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹ wá. Nítorí náà, a kò ní kọ nǹkan kan sójú pátákó lálẹ́ òní. Ìtàn ni a ó sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bàbá kan nínú yín bi wá ní ìbéèrè kan. Bàbá ní àwọn ti lè kọ orúkọ àwọn, àwọn sì ti lè ka rìsíìtì. Wọ́n ní kí ni àwọn tún fẹ́ fi ìwé ṣe ní ọjọ́ ogbó àwọn? Ìbéèrè gidi ni. A kò dá bàbá lóhùn tán lọ́jọ́ náà. Ìtàn ọmọ ogun kan ni a fẹ́ fi dá wọn lóhùn lónìí.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ó sì parí ní ọdún 1945. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa bá wọn jà á. Púpọ̀ nínú wọn ni ó lọ sí Bọ́má. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìtàn wa ti òní ti bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún 1940, àwọn ará Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà, ti Kánádà àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń kóra jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkun ni ó wà láàárín wọn. Kò sí afárá, kò sì sí ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹni tí yóò lé Jámánì jáde níláti la òkun kọjá, kí ó sì gúnlẹ̀ sí etíkun tí ọ̀tá ti ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò ná. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Ó ti fi sìmẹ́ńtì kọ́ ilé sí ibi tí yóò ti máa yìnbọn. Ó ti ri igi àti irin mọ́ inú iyanrìn, ó sì ti so bọ́ǹbù mọ́ wọn, kí ọkọ̀ má baà lè gúnlẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ láti inú òkun ńkọ́? Kò ní igi tí yóò sá sí. Kò ní ògiri tí yóò fara pamọ́ sí. Omi ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbọn ni ó wà níwájú rẹ̀. Kò sí ibi tí yóò yà sí.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ọdún 1944, ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ṣùgbọ́n ìjì ń jà lójú òkun. Ọ̀gágun Eisenhower, tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn, sún un sí ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọkọ̀ ojú omi bí 7,000, ńlá àti kékeré, bo ojú òkun. Àwọn ọmọ ogun bí 156,000 ni ó wọ ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ náà, àwọn kan láti òfurufú, àwọn tí ó pọ̀ jù láti inú omi. Agbègbè tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ni à ń pè ní Normandy. Wọ́n pín etíkun rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àṣírí: Utah, Omaha, Gold, Juno àti Sword.

Omaha ni ó burú jù. Òkè gíga wà lẹ́yìn iyanrìn rẹ̀, àwọn ará Jámánì sì wà lórí òkè náà, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ń wo àgbàlá. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó kú síbẹ̀, tàbí tí ó fara gbọgbẹ́, tàbí tí a wá tì, ju 2,000 lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Omaha ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Waverly Woodson. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní ọdún 1922. Ènìyàn dúdú ni, ọmọ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Dókítà ni ó fẹ́ dà. Ó ti wà ní yunifásítì tí à ń pè ní Lincoln, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò gbé e dé ibẹ̀, kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kì í da dúdú pọ̀ mọ́ funfun. Ibùsùn wọn yàtọ̀, ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀. Woodson ṣe ìdánwò láti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìbọn tí a fi ń já ọkọ̀ òfurufú bọ́, ó sì yege. Ẹ ò rí i bí? Ó yege! Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí àyè fún ọ̀gá aláwọ̀ dúdú. Wọ́n wá kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó bá fara gbọgbẹ́ lójú ogun.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 320 ni wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni láti máa ta bàlúùnù. Bàlúùnù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ọmọdé o. Ó tóbi ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó fúyẹ́ ni a fi kún inú rẹ̀, okùn irin ni a sì fi so ó mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá bá fò sílẹ̀ láti wá yìnbọn pa àwọn tí ó wà ní etíkun, okùn irin náà lè gé e ní apá. Ẹgbẹ́ yìí nìkan ni ẹgbẹ́ ológun aláwọ̀ dúdú tí a rán wá jà ní etíkun Normandy lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ohun tí Woodson fúnra rẹ̀ rántí, tí ó sì sọ nígbà tí ó dàgbà.

Òwúrọ̀ ni. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ó gbé wọn ń sún mọ́ ilẹ̀. Òkun ń ru, èébì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lójijì, ọkọ̀ kọlu bọ́ǹbù tí a rì sínú omi. Ẹ́ńjìnnì kú. Kò sí ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ náà mọ́, ìgbì ni ó ń tì í lọ sí èbúté. Bí ó ti ń lọ báyìí, ọta àgbá láti orí òkè tún bà á. Ẹni tí ó wà nítòsí Woodson kú lójú ẹsẹ̀. Èéfọ́ irin wọ Woodson ní itan. Ó ní òun rò pé òun ti kú ni. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí òun náà jẹ́ olùtọ́jú fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà fún un.

Ẹ̀yin ará, tí ó bá jẹ́ àwa ni, ṣé a kò ní dùbúlẹ̀? Ta ni yóò bá wa wí? Ẹni tí ó gbọgbẹ́ ti kúrò ní ẹni à ń bẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n Woodson wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú omi. Ó wá ibì kan lábẹ́ òkè tí ọta kò ti ní rọrùn láti bà á, ó sì sọ ibẹ̀ di ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí kò ní òrùlé, tí kò sì ní bẹ́ẹ̀dì!

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé àwọn tí ó gbọgbẹ́ wá bá a. Ó ń yọ ọta lára wọn. Ó ń nu ojú ọgbẹ́, ó ń dì í. Ó ń to egungun tí ó ṣẹ́. Ó ń fa omi ẹ̀jẹ̀ sí iṣan àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó gé ẹsẹ̀ ọmọ ogun kan tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, kí ẹni náà má baà kú. Dúdú ni o, funfun ni o, gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé dé ni ó ń tọ́jú. Kò sí ẹni tí ó wà nínú irora tí ó bi í léèrè àwọ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ tún mọ́, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, omi fẹ́ gbé àwọn ọkùnrin kan lọ bí wọ́n ti ń jáde nínú ọkọ̀. Woodson sáré dé ibẹ̀, ó sì ṣe ìtọ́jú àwọn mẹ́rin títí èémí wọn fi padà. Ọgbọ̀n wákàtí gbáko ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sínú ọkọ̀ ìwòsàn. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n dá òun padà sí etíkun. Wọ́n sọ pé àwọn tí ó rí ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ lè tó 200.

Kí ni wọ́n fi san án fún un?

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àmì náà kéré sí iṣẹ́ tí ó ṣe. Nínú ogun náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ju 400 lọ ni ó gba àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó sin ilẹ̀ náà ju mílíọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nígbà ogun náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n fún ní àmì yìí. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó wá fún àwọn méje. Mẹ́fà nínú wọn ti kú kí ọjọ́ náà tó pé. Woodson kò sí nínú àwọn méje náà.

Iṣẹ́ dókítà tí ó fẹ́ ṣe náà kò bọ́ sí i, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ti àwọn ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kú ní ọdún 2005.

Ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ń kọ̀wé, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ọkọ òun ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá. Níbo ni yóò ti rí i? Ní ọdún 1973, iná ti jó ilé ńlá tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ọmọ ogun pamọ́ sí ní ìlú St. Louis. Mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́rìndínlógún ìwé, ó kéré tán, ni ó jóná.

Àbí ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Ó tì o. Àwọn ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ ìtàn Woodson sílẹ̀ ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ṣì ń lọ. Akọ̀ròyìn obìnrin kan, Linda Hervieux, sì tú àwọn ìwé àtijọ́ ìjọba wò. Ó rí bébà kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan kọ ránṣẹ́ sí ilé Ààrẹ ní ọdún 1944. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀gá Woodson ti dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ ńlá, àti pé àwọn kan lókè tilẹ̀ rò pé èyí tí ó ga jù lọ ni ó yẹ ẹ́.

Bébà kan ṣoṣo! Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2024, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kéde pé Woodson ti gba àmì ẹ̀yẹ tí ó ga ṣe ìkejì. Òun ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà láàyè láti gbọ́ ọ. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwa fi kún un lónìí pé ìwé a máa ran òtítọ́ lọ́wọ́ láti sáré.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni Isaac Fadoyebo. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni òun náà ṣe nínú ogun, ní Bọ́má. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan kọlù wọ́n létí odò Kaladan, ọta sì ṣẹ́ ẹ ní itan. Àwọn ará abúlé kan ni ó fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń bọ́ ọ. Ó padà sílé láàyè. Kí ni ó ṣe? Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1999. Nítorí ìwé náà, akọ̀ròyìn kan gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó gbé e dé Bọ́má ní ọdún 2011, ó sì rí àwọn ọmọ ẹni tí ó gba bàbá là. Bàbá kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ọpẹ́ wọn ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Bàbá wa tí ẹ bi wá ní ìbéèrè, ìdáhùn yín nìyí. A kò ní kí ẹ fi ìwé di ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ohun tí ojú yín ti rí, ta ni yóò sọ ọ́ lẹ́yìn yín? Ẹni tí ó ṣe yín lóore ní ọjọ́ ìṣòro, ta ni yóò mọ orúkọ rẹ̀? Iṣẹ́ tí ẹ ṣe tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀, níbo ni ẹ̀rí rẹ̀ wà?

Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo wa mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ìlà mẹ́ta péré ni a fẹ́. Ní ìlà kìn-ín-ní, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tí ó ṣe yín lóore. Ní ìlà kejì, ẹ kọ ìlú àti ọdún. Ní ìlà kẹta, ẹ kọ ohun tí ó ṣe. Bí ó bá wọ́, kò burú. Ẹ sáà kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó kà á sí ara wa létí.