Ṣọ́ọ̀bù Bọ́ọ̀sì Ẹ̀yìn Ọjà: Ohun Tó Yẹ Ká Bèèrè Kí Wọ́n Tó Da Kọnkéré

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá wa sọ ní ìpàdé

Ẹ mọ̀ mí, ọmọ Ìyá Aláta ni mí, yíya àwòrán ilé ni mo kọ́ níṣẹ́. Ìyálọ́jà ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ọjà wa, níbi tí wọn yóò ti máa tún bọ́ọ̀sì èrò ṣe.

Àwọn kan ní kí wọ́n má kọ́ ọ rárá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí kò bá ríbi tún ṣe, àárín ọ̀nà ni yóò kú sí, tòun ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì yín. Irú ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni ká bèèrè.

Gáréèjì bọ́ọ̀sì kan wà ní Harlem, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú ní New York. Àárín ilé àwọn èèyàn ló wà. Lọ́dún 1993 wọ́n fi orúkọ Mother Clara Hale sọ ọ́, ìyá tó ń tọ́ àwọn ọmọ jòjòló tí ìyá wọn ń lo oògùn olóró. Orúkọ dára, àbí? Ṣùgbọ́n èéfín ò mọ orúkọ. Ikọ́ fée pọ̀ lára àwọn ọmọ Harlem, àwọn ará àdúgbò sì ń pariwo pé gáréèjì bọ́ọ̀sì ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tí wọ́n wó ti àtijọ́ láti kọ́ tuntun, àwọn ará àdúgbò bá wọn jókòó sípàdé. Lọ́dún 2014 ni wọ́n ṣí i. Omi òjò orí òrùlé ni wọ́n ń gbè fi fọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ṣe ògiri onírin kan tí oòrùn ń mú gbóná, kí afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé lè móoru nígbà òtútù.

Ògiri yẹn ò kàn wá o! Ta ló ń wá ooru níhìn-ín? Tiwa ni kí òrùlé ga, kí ihò afẹ́fẹ́ wà lókè pátápátá, torí òkè ni ooru ń gbà jáde. Kí wọ́n kun òrùlé ní funfun, kí wọ́n fi páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá sí i, kí mẹkáníìkì má baà máa tan iná lọ́sàn-án. Bí iná tí wọ́n ń lò bá dín, jẹnẹrétọ̀ á sinmi, èéfín tó ń bà lé ẹ̀fọ́ wa náà á dín.

Ẹ wo ti omi. Òrùlé tó gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní mítà 20, bí òjò mìlímítà 10 péré bá rọ̀ sí i, líta 10,000 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 ọ̀nà 400! Ká tiẹ̀ ní díẹ̀ ṣòfò, wọn ò ní bá wa du omi kànga.

Bí wọ́n bá ń dán ẹ́ńjìnnì wò, kí họ́ọ̀sì wà lẹ́nu sáléǹsà tí yóò fa èéfín gba orí òrùlé jáde. Kí kòtò wà tí yóò gba ọ́ìlì kúrò lára omi kó tó wọ gọ́tà, torí iwájú àwọn ẹlẹ́ja ni gọ́tà yẹn ń gbà.

Inú àwòrán ni gbogbo èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí kọnkéré bá ti gbẹ, ta ni yóò bá wa yí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì padà? Torí náà, ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín wà lápá ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún akọ̀wé: apá ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láàárọ̀, ibo ló ń yí sí lọ́sàn-án? Ẹ̀yin lẹ ń jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo fẹ́ fi sínú àwòrán tí a máa gbé lọ bá wọn.